Òru ni ti Ẹ̀fẹ̀, Ọ̀sán ni ti Ijó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá jókòó. Ẹ gbé fóònù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ní sá lọ. N kò bínú sí yín o. Ẹni tí inú ń bí kì í dín àkàrà de ọmọ, àkàrà yín sì nìyẹn nínú abọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló há mi lọ́fun láti ọjọ́ tí a sọ ọmọ lórúkọ nínú agbo ilé wa ní Kétu níbí. Ọ̀rọ̀ tí àgbà bá sì gbé mì láìsọ, inú ni yóò máa run ún.

Ẹ ò tíì gbàgbé ọjọ́ náà. A ti fi oyin, atare, iyọ̀ àti obì ṣàdúrà fún ọmọ tán, àwọn àlejò tó wá láti Pobẹ̀ àti Ìlárá ti jẹun yó, ni ọ̀kan nínú yín bá so fóònù mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnjáde ńlá tí ẹ yá. Orin Aṣa kan bọ́ síta, èyí tí wọ́n ń pè ní “Be My Man”. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn obìnrin ti dìde. Ìyá ọmọ gan-an dìde. Ni ọmọkùnrin kan, tí n kò ní dárúkọ nítorí ó mọ ara rẹ̀, bá la ẹnu, ó ní: “Ibi tí Aṣa ti ba tirẹ̀ jẹ́ nìyí. Àwo àkọ́kọ́ ló ní ọgbọ́n nínú. Èkejì yìí, orin ijó lásán ni.” Márùn-ún nínú yín sì ń mi orí sí i bí alángbá. Mo dákẹ́. A kì í na ọmọ níwájú àlejò. Àwọn àlejò ti lọ wàyí, ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń sọ. Bùkọ́lá Elémìdé ni orúkọ rẹ̀. Párísì ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1982, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e padà sí Nàìjíríà, Èkó ló sì dàgbà sí. Aṣa tó fi ń kọrin, ẹyẹ àṣá náà ni, ẹyẹ tí ń gbé òròmọdìẹ lójú gbogbo ayé. Bàbá rẹ̀ kó àwo orin jọ sílé bí àwọn mìíràn ṣe ń kó aṣọ jọ sínú àpótí. Fela wà níbẹ̀, Sunny Adé wà níbẹ̀, Ebenezer Obey wà níbẹ̀, Bob Marley, Aretha Franklin, Marvin Gaye àti Diana Ross náà wà níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, n óò padà sí i. Ọmọ náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin Peter King, ó kọ́ gìtá, nígbà tó sì dàgbà tán, ó padà sí Párísì tí wọ́n bí i sí láti wá ọ̀nà orin.

Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2007 lábẹ́ Naïve, ilé iṣẹ́ agbórinjáde kan ní Faransé. Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi pe àwo ọ̀hún. “Fire on the Mountain” wà nínú rẹ̀, “Jailer” wà nínú rẹ̀, “Bíbánkẹ́” àti “Ẹyẹ Àdàbà” náà kò gbẹ́yìn. Ojú ọ̀nà méjì ló gbà wọ Kétu. Àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Kútọnu gbé e wá láti ìhà Faransé. Àwọn awakọ̀ tó ń ná ọjà Ìmẹ̀kọ gbé e wá láti ìhà Nàìjíríà. Láti 1889 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fa ìlà sáàárín wa, tí Kétu bọ́ sí apá kan, tí Ìmẹ̀kọ bọ́ sí apá kejì, ènìyàn ni wọ́n ń bi ní ìwé ní bodè. N kò tíì rí aṣọ́bodè tó bi orin ní ìwé.

Ní 2008, àwọn Faransé fún un ní Prix Constantin, ẹ̀bùn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún akọrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ariwo sọ. Ohun tí àwọn ènìyàn rí ni ọmọbìnrin kan tó fi awò sójú, tó di irun rẹ̀ ní dàda, tó gbá gìtá mọ́ra, tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá àwọn alágbára wí. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin fi í wé Tracy Chapman ti Amẹ́ríkà. Kí ọmọ tó mọ ara rẹ̀ tán, wọ́n ti rán ẹ̀wù fún un, ẹ̀wù ẹni tí ń ronú, ẹ̀wù ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀wù tí wọ́n bá rán fún ọ láìwọn ọ́, ọjọ́ tí o bá na ọwọ́ ni yóò ya.

Ó na ọwọ́ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2010. Ọjọ́ náà ni àwo kejì jáde, Beautiful Imperfection. Bí n bá fi èdè wa pè é, n óò ní “Ẹwà Tí Kò Pé”. Benjamin Constant tó bá a ṣiṣẹ́ lórí ti àkọ́kọ́ ló tún bá a ṣe èyí, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ inú rẹ̀ ti yí padà. Ìlù yára sí i, ohùn rẹ̀ jáde láti inú àyà, orin ìfẹ́ pọ̀. Ọ̀pọ̀ alárìíwísí ní Yúróòpù àti ní Nàìjíríà gbóríyìn fún un. Wọ́n ní inú ọmọ yìí dùn, ara rẹ̀ balẹ̀, ó rán soul, reggae, jazz, pop àti orin ilé pọ̀ láìjẹ́ kí a rí ojú abẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn ń kùn. Wọ́n ní ó ti fúyẹ́ jù, wọ́n ní soul àtijọ́ Amẹ́ríkà ló ń tún kọ, wọ́n ní iná tó ń jó lórí òkè nínú àwo àkọ́kọ́ dà? Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kùn yìí ni ẹ̀yin gbọ́, òun ni ẹ gbé wọ inú agbo ilé mi ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, bí ẹni gbé ọbẹ̀ àná wá síbi àsè láìgbé e kaná.

Ẹ jẹ́ n yà bàrà díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọjà Tọ́kpá ní Kútọnu ni mo ti ta aṣọ kí n tó padà wálé. Ní ọdún kan, obìnrin kan wá ra aṣọ lọ́wọ́ mi, aláró dúdú tí a ya ẹyẹ kéékèèké sí lára. Ìsìnkú ìyá rẹ̀ ló fi ṣe. Aṣọ náà bá ọjọ́ náà mu tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń bi í léèrè ibi tó ti rà á. Nígbà tí ọdún yí po, ó padà wá. Mo gbé òmíràn lé e lọ́wọ́, ọwọ́ kan náà, owú kan náà, aṣọ tí omi kò lè ṣe ní nǹkan kan, àfi pé àwọ̀ rẹ̀ mọ́ bí ọsàn tó pọ́n. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi ìka méjì fà á wò, ó ní: “Ìyá, eléyìí kò ní láárí tó ti èṣín.” Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní ọmọ òun obìnrin fẹ́ lọ ilé ọkọ. Mo ní: “Ṣé aṣọ òkú lo fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìyàwó?” Ó dúró, ó wo aṣọ, ó wo mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì jókòó lórí àpótí mi kó lè rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ọ̀pá méjìlá ló rà. Aṣọ kò ṣẹ̀ ẹ́. Ìrántí èyí àkọ́kọ́ ló bò ó lójú.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwo kejì níbikíbi láyé. Àkọ́kọ́, ènìyàn bá a pàdé ni, kò retí ohunkóhun. Èkejì, ó ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó ti mọ ohun tó fẹ́ kó gbé wá. Olórin náà sì ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó ti àkọ́kọ́ jọ, ọdún méjì mẹ́ta péré ni wọ́n fún un láti wá èkejì. Ẹ̀yin alára, ẹni mélòó nínú yín ló ṣe ìdánwò kejì dáadáa bíi ti àkọ́kọ́ tí ẹ kò bẹ̀ mí pé kí n bá yín sọ fún bàbá yín?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ̀yin tí a bí sí Kétu lẹ sọ pé ijó lásán ni. Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí ilé kọ́ yín ni? Kétu níbí ni àwọn àgbà ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀. Àjọ UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá tó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008 lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Kí wọ́n tó kọ ọ́ rárá ni àwọn bàbá wa ti wí pé ojú tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran.

Báwo la ṣe ń ṣe é? Òru ni ti Ẹ̀fẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú pátápátá, tí ọjà bá kún fọ́fọ́, Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ á jáde. Á júbà àwọn ìyá wa, á júbà àgbà, lẹ́yìn náà ni yóò tó gbé orin. Á bá olè wí, á bá ìjòyè tó jẹ owó ìlú wí, á bá ọkọ tó ń lu aya wí, á fi ahun ṣẹ̀sín, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bínú. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á wá jáde ní méjì méjì. Igi gbígbẹ́ á wà lórí wọn, gèlè àti ọ̀já obìnrin á wà lára wọn, irin á máa dún lọ́rùn ẹsẹ̀ wọn, ijó á bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹ ti wo ẹsẹ̀ yẹn rí? Ẹ wò ó dáadáa lọ́jọ́ mìíràn, ẹ má wo orí nìkan. Onílù á sọ gbólóhùn kan, ẹsẹ̀ oníjó á máa tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí ilẹ̀ bí ìlù ṣe ń wí i, sílébù kan, ìgbésẹ̀ kan. Ibi tí ìlù bá dákẹ́ sí, ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dákẹ́ sí. Bí ẹsẹ̀ bá fi ìtẹ̀ kan ṣoṣo kọjá ìlù, ẹ ó gbọ́ tí àwọn ìyá àgbà ń pòṣé. Kí ló dé? Ọ̀rọ̀ ni ẹsẹ̀ yẹn ń sọ. Àlejò tí kò gbọ́ ìlù á ní ijó lásán ni wọ́n ń jó, a ó sì forí jì í nítorí àlejò ni. Ọmọ Kétu kò gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, olórin Ẹ̀fẹ̀ kan wà ní àdúgbò tó kángun sí tiwa. Ní ọdún kan tí òjò kọ̀, tí àgbàdo gbẹ lóko, ó kọ orin tó mú kí àgbà ọkùnrin fi etí aṣọ nu ojú. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, òjò rọ̀, ìlú yó. Ó kọ orin ìyàwó tuntun, ó kọ orin ọkọ tó ń gún iyán fún aya rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wá. Bí ilẹ̀ ti mọ́, àwọn ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé eré ni ọkùnrin náà ń ṣe báyìí, pé kò gbọ́n mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá ìyá mi ń ṣa ẹyìn lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní: “Lọ́dún tó kọjá, ebi ń pa wá, ó bá wa sunkún. Lọ́dún yìí, a yó, ó bá wa rẹ́rìn-ín. Ṣé kó máa sunkún lórí ikùn tó yó ni?”

Ohun tí mo pè yín fún nìyẹn. Àwo àkọ́kọ́ Aṣa, òru Ẹ̀fẹ̀ ni. Èkejì, ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, ọdún kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó gbọ́ Ẹ̀fẹ̀ lóru, tó wá dúró lójú agbo lọ́sàn-án tó ń bínú pé wọ́n ń jó, kò tíì mọ ọdún tó wá wò.

Ẹ rántí àwo orin bàbá rẹ̀ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Àwọn alárìíwísí ní “Be My Man” jọ orin Motown, ilé iṣẹ́ tí Berry Gordy dá sílẹ̀ ní Detroit ní 1959. Ó jọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Marvin Gaye àti Diana Ross, Motown ni àwọn méjèèjì ti di olókìkí, inú ilé bàbá rẹ̀ ní Èkó ni ọmọ yìí sì ti gbọ́ wọn. Bí ọmọ bá jẹ ọbẹ̀ kan láti kékeré, tó wá se é nígbà tó dé ilé ara rẹ̀, ṣé ẹ ó ní ó jí ọbẹ̀ aládùúgbò? Fela náà wà lára àwo tó gbọ́ yẹn. Ijó ni “Zombie” tí Fela gbé jáde ní 1976, ènìyàn kò lè jókòó jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ. Àwọn sójà tó gbọ́ ọ kò pè é ní ijó lásán. Ní oṣù kejì ọdún 1977, wọ́n ya wọ Kalakuta, ilé Fela, wọ́n dáná sun ún. Ta ló wá sọ fún yín pé ohun tó ń mi ìdí kò lè mi ọkàn?

Ẹ̀yin ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ló sì yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí. Ní Tọ́kpá, ẹni tó ń ta àwo orin wà ní òdìkejì ìsọ̀ mi, nítorí náà kò sí ohun tó jáde ní ilẹ̀ yìí tí etí mi kò gbọ́. Ẹgbẹ́ olórin Poly-Rythmo ti Kútọnu, láti 1968 ni wọ́n ti ń po ìlù òrìṣà ilẹ̀ wa mọ́ funk Amẹ́ríkà, àwa ará ọjà sì ń fi í ṣiṣẹ́, a kò bi wọ́n pé irú orin wo nìyí. Lẹ́yìn wọn ni Angélique Kidjo dé, ọmọ tí a bí ní Ouidah ní 1960, tó kó lọ sí Párísì ní 1983. Ó ṣe àwo Parakou, ó wá gbé Logozo tẹ̀ lé e ní 1991. Miami ló ti lọ ṣe é pẹ̀lú Joe Galdo. Manu Dibango àti Branford Marsalis sì bá a fọn fèrè nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ọmọ Ouidah pé orin rẹ̀ kì í ṣe ti Áfíríkà tó, pé ẹ̀rọ pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tí kò mọ ọ̀nà Ouidah ló ń júwe ilé fún ọmọ onílé! Kò tẹ̀lé wọn, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Grammy márùn-ún ló ti gbà.

Ẹ tún wo ti Sunny Adé. Bob Marley kú ní 1981, àwọn òyìnbó sì ń wá ẹni tí yóò jókòó sórí àga rẹ̀. Ilé iṣẹ́ agbórinjáde Island gbé Juju Music ti Sunny jáde ní 1982, inú ayé dùn. Synchro System tẹ̀lé e ní 1983, wọ́n yàn án mọ́ àwọn tó ń du Grammy. Nígbà tó di Aura ní 1984, tí Stevie Wonder pàápàá bá wọn fọn fèrè ẹnu, ọjà kò yá tó bí wọ́n ti rò, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀. Ẹ̀wù Marley ni wọ́n fi wọ Sunny. Nígbà tí kò bá a mu, wọ́n ní ara Sunny ni kò dára. Sunny padà sílé, ó ń lu gìtá rẹ̀ lọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ná owó fún un lójú agbo. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ló wá dé tí a fi ń sọ fún àṣá pé igi kan ṣoṣo ni kó máa bà lé?

Ẹ má gbọ́ mi gbọ́ òdì o. N kò ní kí ẹ má sọ àléébù olórin. Ìlú tó ní Ẹ̀fẹ̀ kò lè kórìíra àríwísí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ètò tí Ẹ̀fẹ̀ ń tẹ̀lé. Á kọ́kọ́ júbà. Kí ó tó jáde, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ìdí, nítorí ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Bó bá sì fẹ́ bá ọ wí, ohun tí o ṣe gan-an ni yóò dárúkọ, kì í ju ọ̀rọ̀ sáàárín ọjà kó máa lọ. “Ijó lásán” kì í ṣe àríwísí. Ìpòṣé ni.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ àríwísí, ẹ gbọ́ tèmi. Mo júbà ọmọ náà ná, ohùn rẹ̀ dára, ó sì mọ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, mo ní Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ jù nínú àwo kejì yẹn. “Bimpé” wà níbẹ̀, “Oré” wà níbẹ̀, “Broda Olé” wà níbẹ̀, ìgbàkígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá dé ni mo máa ń dá ọwọ́ dúró nídìí iṣẹ́ mi, nítorí ohùn rẹ̀ ń bọ́ sí ibi tí mo ń gbé. Ọmọ Kétu tó ń sọ Faransé nílé ìwé, tó ń sọ Yorùbá nílé, tó wá gbọ́ tí wọ́n ń fi èdè ìyá rẹ̀ kọrin láti Párísì, á na ọrùn rẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ kó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀. Mo tún ní orin ìfẹ́ kan tàbí méjì nínú rẹ̀ ń kọjá létí mi bí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà, n kì í rántí wọn bí ilẹ̀ bá mọ́. Tèmi nìyẹn. Òun náà kò sì pa á mọ́ fún wa, ó ti kọ ọ́ sára ẹ̀yìn àwo pé ẹwà yìí kò pé.

Ohun mìíràn tó ń dùn mí nípa yín nìyí. Ní 2014, ó gbé Bed of Stone jáde, ní 2019, ó gbé Lucid jáde, ẹ gbọ́, ẹ dákẹ́. Ní 2022, ó ṣe V, ó pe Wizkid, ó pe Amaarae, ó pe The Cavemen wá bá a kọrin. Mo wà nínú ilé yìí, mò ń to aṣọ, nígbà tí ẹ̀yin kan náà ń sọ pé ti 2010 lẹ fẹ́ kó padà sí. Ti 2010 tí ẹ ní ó bà jẹ́! Bí olórin bá ń sáré tẹ̀lé ẹnu yín, ibo ni yóò dé?

Ẹ jẹ́ kí n wá padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, síbi tí a ti sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin ọkùnrin ń wo fóònù nígbà tí orin yẹn dé. Èmi ń wo ìyá ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ẹ mọ oyún méjì tó bọ́ lára rẹ̀, ẹ mọ òru tí a fi alùpùpù zẹ́mìjàn gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, tí òjò ń rọ̀, tí mo di í mú láti ẹ̀yìn. Ní gbogbo ìgbà yẹn, “Ẹyẹ Àdàbà” ló máa ń gbọ́ nínú yàrá rẹ̀, ohùn rẹ̀ á rọra máa jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní kí a má pa orin náà. N kò pa á.

Lọ́jọ́ tí a wí yìí, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ń sùn lọ́wọ́ ìyá àgbà kan. Orin ijó dé. Obìnrin náà tún ìró rẹ̀ so, ó fún un mọ́ra, ó gbé ọwọ́ kan lé ikùn tó ti ṣófo, ó na ọwọ́ kejì sókè, ó sì tẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, bí ẹni ń dán ilẹ̀ wò bóyá yóò gbé òun. Ilẹ̀ gbé e. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ọ̀rọ̀ tó bá sì ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Àwo àkọ́kọ́ ló bá a jókòó lóru. Èkejì ló bá a dìde lọ́sàn-án. Nígbà náà gan-an ni ẹnìkan nínú yín la ẹnu pé ijó lásán ni.

Ẹ jẹ àkàrà yín kó má tutù. Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ lọ gbé àwo kejì yẹn, ẹ gbọ́ ọ láti orin àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ má fò. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹ wá bá mi, kí olúkúlùkù sọ èyí tí kò dára nínú rẹ̀ àti ìdí tí kò fi dára. N óò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ júbà. Ìwọ tí n kò dárúkọ rẹ, kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ìyá ọmọ. Kí i kú ewu.